Àdéhùn kọ́, ìbámu ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kọ síbí lánàá ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Wọ́n ń túmọ̀ òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá pe "subject-verb agreement" ní "àdéhùn olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe". Olùwà ni ẹni tàbí ohun tó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ ohun tó ń ṣe. Àdéhùn kẹ̀? Àdéhùn ni ohun tí onílé àti ayálégbé ń bá ara wọn ṣe. Ohùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnu la sì fi ń fọhùn. "She" àti "goes" ò lẹ́nu.

Ìwé atúmọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣí, wọn ò wo iṣẹ́ tí òfin yẹn ń ṣe nínú gbólóhùn. Bí ẹnì kan ṣoṣo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe á gba s: "Bọ́lá goes". Bí wọ́n bá pọ̀, s á kúrò: "They go". Olùwà kì í yí padà nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń wo ojú olùwà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba "ìbáramu" tí àbúrò wa kan fi tún un ṣe. Ẹ wo "ara" tó há sáàárín rẹ̀. Bí a bá ní aṣọ méjì bára mu, tibí ń bá tọ̀hún mu, tọ̀hún náà ń bá tibí mu. Ṣùgbọ́n fìlà ló ń bá orí mu, a kì í gbẹ́ orí torí fìlà. Ẹ yọ "ara" kúrò, ó di ìbámu. Ẹ dákun, ohùn àárín ni "mu" yẹn o. Ẹni tó kọ "ìbámú", "mú" tí a fi ń mú adìẹ lẹ kọ yẹn.

Iṣẹ́ tíṣà ni bàbá mi ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì lo ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Wọ́n á kọ "boy runs" àti "boys run" sójú pátákó, wọ́n á ní, "Àga kan ṣoṣo ló wà fún s. Bó bá ti jókòó sẹ́yìn olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe ò rí i gbà mọ́." "Children" tó pọ̀ láìní s, àti "bus" tó ní s bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ò sí lábẹ́ òfin àga yẹn, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń kọ́ wa ní tiwọn.

Àwọn ọmọ tó ń ṣì í kì í ṣe òpè. Ní Yorùbá, mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ: "lọ" ò yẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti gé púpọ̀ dànù. Bíbélì wọn ti 1611 kún fún "goeth" àti "cometh". Yàtọ̀ sí "be" tó ṣì ní "am", "are" àti "were", s nìkan ló ṣẹ́kù lónìí.

Ẹ̀gbọ́n ní Yorùbá náà ní tiwa, wọ́n mú "Bàbá dé, wọ́n ń jẹun" wá. "Wọ́n" ló yí padà níbẹ̀, arọ́pò-orúkọ sì ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń dípò orúkọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀wọ̀ ló sì sọ ọ́ di púpọ̀. Òun ló ń mú kí ọmọ sọ pé "They are calling you" nígbà tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń pe ẹni náà. Ọdún 19 ni mo fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "they" yẹn, ó sì máa ń dùn mí, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló ń kọ ọ́.

Ẹni tó ní kí á pa "gírámà" tì, pé òyìnbó tó le ló ń jẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé gírámà ńkọ́, kí la ó máa pè é? Mi ò tíì gbà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹnu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ lẹ ti gbọ́ àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní gbólóhùn kan péré tí àgbà kan ti fi àdéhùn sáàárín ohun méjì tí kò lè fọhùn. Mo ń retí rẹ̀.