Àwa mẹ́rin, fìtílà olójú mẹ́rìndínlógún, àti Maltina kan

Ọmọ Ifẹ̀

Wọ́n ní ká sọ ìtàn ìgbà tí àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa jọ lọ mutí níbi ọdún ìbílẹ̀. Ọdún 2022 ni tèmi ṣẹlẹ̀, ọdún tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù Kejì la ti wà nílé. Ọwọ́ dilẹ̀, àpò gbẹ, àwọn òbí wa sì ti ń wò wá bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹjọ wọlé, ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ọ̀ṣun Òṣogbo o. Ta ló ń lọ?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwa mẹ́rin ti dá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà-mẹ́fà náírà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́, ìnagijẹ ni màá fi pè wọ́n. Ìjẹ̀ṣà kò gbà pé ọtí mìíràn wà láyé lẹ́yìn Trophy, nítorí Iléṣà ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Dókítà kì í ṣe dókítà rárá, máíkíróbáyọ́lọ́jì ló ń kà. Pásítọ̀ ni akápò ẹgbẹ́ àdúrà wa, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ la kó owó sí. Ó ní ère inú igbó Ọ̀ṣun nìkan lòun fẹ́ lọ wò, àwọn tí Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo jọ mọ. Ó ní UNESCO pàápàá ti kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. A ní ó dáa, Pásítọ̀, ère lo fẹ́ lọ wò.

A wọ ọkọ̀ ní Ifẹ̀, a gba Ṣẹ̀kọ̀nà. Nígbà tá a dé Ẹdẹ, àwòrán Adélékè ṣì wà lára ògiri gbogbo, torí ìbò gómìnà ọjọ́ 16 oṣù Keje kò tíì pé oṣù kan. Ariyànjiyàn bẹ́ nínú ọkọ̀. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló parí ẹ̀: ó ní kí gómìnà tuntun máa jó bó ṣe wù ú, kó ṣáà ti san owó ìfẹ̀yìntì òun.

Ọjọ́bọ̀ la dé Òṣogbo, ọjọ́ tí wọ́n ń tan fìtílà olójú mẹ́rìndínlógún, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun lọ sódò, jáde. Aṣiṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ti kún. Ìkejì ní yàrá kan ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ní ìkẹta, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú wo báàgì ẹ̀yìn wa, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o," ó padà sídìí fóònù rẹ̀. A bá yà sí ilé ọtí.

Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni, abẹ́ páànù, àga rọ́bà, fáànù kan tó ń yí orí bí àgbàlagbà tó kọ ọ̀rọ̀. Ìyá ọlọ́tí bi wá pé ọmọ ibo ni wá. A ní ọmọ yunifásítì Ifẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin tí wọ́n tilẹ̀kùn ilé-ìwé mọ́!" Ó gba báàgì wa, ó kó wọn sẹ́yìn kréètì, ó ní ẹni tí kò bá rí ilé sùn lóru òní kò pàdánù nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ń sùn ní Òṣogbo lóru fìtílà.

Ìjẹ̀ṣà ní kí wọ́n gbé Trophy wá, kó tutù. Dókítà ní òdékú. Èmi bá Ìjẹ̀ṣà lọ. Pásítọ̀ mu Maltina. A pe pẹpẹ sùúpù ẹja àrọ̀ kan tí ata rẹ̀ ń mú omi jáde lójú. Ibẹ̀ ni bàbá kan tó jókòó sí tábìlì kejì ti bi wá bóyá a mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọba Òṣogbo ní Àtàója. A ò mọ̀. Ó ní, "Atẹ́wọ́gbẹja." Ó sọ bí Láròóyè, ọba àkọ́kọ́, ṣe rúbọ létí odò, tí ẹja jáde wá jíṣẹ́ Ọ̀ṣun fún un, tí ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa ẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Dókítà rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní, "Máa jẹ tìẹ, ẹja àsìn nìyẹn. Kò bá Ọ̀ṣun tan."

Mo ti wọ ilé ọtí púpọ̀ ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, n kò tíì rí irú tọjọ́ yẹn. Bàbá aláṣọ funfun tí ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn rẹ̀ jókòó ti àwọn ọmọ tó fi ọ̀dà pa irun láwọ̀. Òyìnbó méjì gbé kámẹ́rà, ata ti pa wọ́n kú. Onílù ń wọlé, onílù ń jáde. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ ni báńà àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí. Gbogbo òpópónà tó lọ sí ààfin, àwòrán ìgò tóbi ju àwòrán ọdún lọ. Èmi náà mutí o, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó yẹ kó dúró.

Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá, a rìn lọ sí ààfin. Ẹ má rò pé àtùpà kékeré ni fìtílà náà o. Ó ga ju èèyàn lọ, ojú iná mẹ́rìndínlógún ló wà lára rẹ̀, epo pupa ló ń mu, wọn kì í sì í jẹ́ kó kú láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ Ọ̀sanyìn ni àwọn tó tẹ ìlú dó ti gbà á. Ìgbà mẹ́ta lóru ni Àtàója máa ń jó yí i ká pẹ̀lú àwọn olorì àti àwọn àwòrò. Tìgbà kìíní, gbogbo wa rí i, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rí iná tó ń jó pọ̀ yẹn. Tìgbà kejì, ògiri ni mo fara tì, ojú mi ń ṣẹ́jú. Tìgbà kẹta, àwa ọ̀mùtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sùn lọ bí ẹni tí wọ́n pa.

Ìlù ló jí mi. Mo lajú, mo rí Pásítọ̀ láàárín agbo. Ó ń jó, ijó ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ o. Onígángan kan ti bi í pé ọmọ ibo ni, ó ní Ọ̀fà, onílù sì bẹ̀rẹ̀: ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Orí Pásítọ̀ wú. Ó ń náwó. Ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ onílù níwájú orí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé owó ta ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà ló kù lápò akápò wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, a padà wá, ebi la sì fi tẹ̀lé Arugbá. Aṣọ bo igbá orí rẹ̀, àwọn ìyá yí i ká, wọn ò jẹ́ kó kọsẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń na ara wọn lẹ́gba, gbogbo ènìyàn ń pariwo "Oore Yèyé o!" Nínú igbó, odò pọ́n bí tíì tí wọ́n ti da mílíìkì sí, iṣẹ́ àwọn awakùsà góòlù ní òkè odò. Ìjọba ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Dókítà sún mọ́ ìyá kan tó ń pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àti mákúrì. Ìyá ní, "Mo gbọ́ lórí rédíò, ọkọ mi. N kò ní mu ún. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wá tọrọ ọmọ." Dókítà dákẹ́. Òun ló bá a ru kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá ọlọ́tí ló yá wa lówó ọkọ̀ padà sílé lẹ́ẹ̀mejèèjì. A fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Ẹ kí Pásítọ̀ oníjó fún mi."

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Tèmi kúrú. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2017, Ẹ̀yọ̀ tí wọ́n fi ṣe àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Akọka lọ. Mo sọ fún wọn pé kò sí bàtà, kò sí sìgá. Mo gbàgbé láti sọ̀rọ̀ nípa irun. A dé ìtòsí Ìdúmọ̀tà, mo yíjú, ọ̀rẹ́ wa kan ti ṣí ìborùn: sùkú ni, ó dúró ṣánṣán, àná ló dì í. Ẹ̀yọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè ti gbé ọ̀pámbàtà sókè. Ìyá aláṣọ kan fà á wọ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin mẹ́ta bo orí rẹ̀, wọ́n ń tú u lọ́wọ́ kan náà, òun ń sunkún owó tó fi dì í. Lálẹ́, a jókòó sí Ọbáléńdé nídìí súyà àti bíà, irun rẹ̀ rí bí ẹni tí ìjì bá jà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi san owó súyà gbogbo wọn.

Ará Bahia

Mo ń kàwé ní Salvador, ní Brazil. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ká lọ mutí ní Rio Vermelho. Wọn ò sọ fún mi pé ọjọ́ Yemọja ni! Aṣọ funfun títí dé etí òkun, èèyàn tò láti fi òdòdó, lọ́fínńdà, dígí àti ìyarun sínú apẹ̀rẹ̀ tí àwọn apẹja máa fi ọkọ̀ gbé lọ sójú agbami. Àwọn apẹja ló dá a sílẹ̀ nígbà tí ẹja wọ́n wọn. (Ọmọ Ifẹ̀, ẹja tìẹ náà nìyí.) Wọ́n ń kígbe "Odoyá!" Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí bóyá mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Odò Ìyá kẹ̀! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí, ìyá kan ń din acarajé nínú epo pupa. Mo ní, "Àkàrà." Ó dáwọ́ dúró. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kí n pè é fún ìyẹn náà gbọ́. Mo ti pè é tó ìgbà mẹ́fà kí ó tó rántí bu tèmi fún mi, kò sì gba owó.

Ọmọ Ifẹ̀

Pásítọ̀ ti ka èyí. Ó ní Maltina méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan, àti pé ẹni tó bá ń béèrè owó rẹ̀ kó lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀fà.