Ẹ gbà mí o: mo ti bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀ kí ethics tó jáde

Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fojú ba oorun lánàá. Ẹ̀kọ́ àyíká ni mo fi ń ṣe másítà. Iṣẹ́ mi dá lórí bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ṣe ń mọ bíìnì tó yẹ kí wọ́n da ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan sí. Tíṣà wọn fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ó ní kí n máa bọ̀, mo sì lọ lọ́jọ́rú. Ọmọ 26 ló kọ èsì sínú ìwé ìbéèrè mi, mo gba ohùn mẹ́fà nínú wọn sórí fóònù. Àárọ̀ àná ni ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ní yunifásítì kó tó bẹ̀rẹ̀, kọ̀wé pé kí n tún fọ́ọ̀mù mi ṣe, pé mi ò gbọdọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé ìyọ̀ǹda òbí kankan lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ 7 ló kù. Ṣé mo lè lo ohun tí mo ti gbà? Ṣé kí n sọ fún supervisor, olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi? Tí wọ́n bá sì fún mi láàyè sí i, físà mi ńkọ́?

Bọ̀dé, Manchester
Àbúrò, mí kanlẹ̀ ná. Má pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù yẹn, má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Sọ fún supervisor lónìí, kílẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èmi fi gbé irú àṣìṣe yìí mì kí n tó sọ. Nígbà tí wọ́n pè mí jókòó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?" Ẹnu mi wọ. Àṣìṣe yẹn ì bá ti tán lọ́jọ́ kejì, ìdákẹ́ mi ló gbà mí ní odindi ọdún kan. Àwọn tá a jọ wọlé ti gbàwé-ẹ̀rí lọ, èmi ṣì ń kọ orí kẹta.

Fẹ́mi, Birmingham
Ẹ má dẹ́rù bà á jù. Kó pe ti Ọjọ́rú ní pilot, ìyẹn ìdánrawò kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, kó gba ethics, kó padà síbẹ̀. Ta ló máa wádìí?

Ìyá Ìbejì, Cardiff
Fẹ́mi, má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí wọ́n á fi lé e. Pilot náà ń gba ethics. Mi ò sì tíì rí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ tó ti parí.

Fẹ́mi, Birmingham
Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n tíṣà ló pè é, kò já wọlé.

Ìyá Ìbejì, Cardiff
Tíṣà kì í ṣe òbí. Ọ̀gá iléèwé ló kọ́kọ́ ń gbà, òbí á fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra rẹ̀ náà á sọ pé òun fẹ́. Bí ọmọ náà bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín ọ̀rọ̀, ìbéèrè tán nìyẹn. Àwọn ìbejì mi wà ní kíláàsì irú wọn yẹn. Kí àlejò gba ohùn wọn sórí fóònù rẹ̀ kí n má mọ̀? Rárá o. Àdùkẹ́, DBS ńkọ́, ìwé tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí?

Àdùkẹ́, Leeds
Mo ní i mà, èyí tí wọ́n ṣe fún mi níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà.

Ìyá Ìbejì, Cardiff
Ti àgbàlagbà nìyẹn. Ti ọmọdé yàtọ̀. Wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Àlàbí, Glasgow
PVG, irú DBS ti Scotland, là ń gbà níbí ní tiwa. Àdùkẹ́, jẹ́ n sọ tèmi, torí o máa ṣe irú rẹ̀ tó o bá padà síbẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ léèrè kí n tó kọ́ wọn, mo tún bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo wọn ló ní, "Ìgbà gbogbo ni mo ń yà á sọ́tọ̀." Inú mi dùn dé eyín. Ọjọ́ tí mò ń kẹ́rù mi ni mo ṣí bíìnì bébà tó wà lábẹ́ fèrèsé. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ló wà lókè, ó ti dúdú, omi rẹ̀ ti rin gbogbo bébà tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu wọn ni mo wọ̀n, mi ò wọn ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn olùwádìí méjì, Kollmuss àti Agyeman, ti kọ ọ́ lọ́dún 2002 pé ìmọ̀ nìkan kì í yí ìṣe padà. Mo kà á, mo fà á yọ nínú orí kejì, kò sì wọ̀ mí lórí.

Wọn ìwúwo bíìnì. Sìkélì tá a fi ń gbé àpótí kọ́ ká tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú ni mo fi parí tèmi. Wọ ìbọ̀wọ́, wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kí àwọn akódọ̀tí tó kó o. O ṣì máa sọ fún ìgbìmọ̀ náà, àmọ́ fọ́ọ̀mù tí kò lóhùn ọmọdé nínú fúyẹ́ púpọ̀.

Fẹ́mi, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ wá dà níbẹ̀? Bíìnì kì í kàwé.

Àlàbí, Glasgow
Lọ wo ohun tí wọ́n fẹnu kò lé ní ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àyíká ní Tbilisi lọ́dún 1977. Ìmọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkópa náà wà níbẹ̀. Inú bíìnì ni ìkópa ti ń hàn.

Bọ̀dé, Manchester
Ará Glasgow ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí COP26, ìpàdé àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ti wáyé lọ́dọ̀ wọn ní 2021, a ò gbádùn mọ́.

Ìyá Ìbejì, Cardiff
Kí gbogbo yín rọra. Wales ló kọ́kọ́ ní ká máa san 5p lórí báàgì ọ̀rá, 2011. Scotland ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2014. England? 2015! Ẹ̀yìn wa lẹ wà.

Bọ̀dé, Manchester
Mo dọ̀bálẹ̀ mà.

Àlàbí, Glasgow
Àwa tiẹ̀ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ àyíká kí á tó débí. Ẹ rántí wolé-wolé? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe é. Á tẹ̀ síwájú àmù, á ṣí ìdérí, á fi igbá bu omi díẹ̀, á gbé e sójú oòrùn. "Ẹ wá wò ó." A ó fi orí kan orí, tanwíjí á máa fò sókè fò sísàlẹ̀ nínú igbá. Kò ní bínú. Á ní kí àbíkẹ́yìn ilé da omi náà nù fúnra rẹ̀. Ó ti kú báyìí. Ó wù mí kó ti ka iṣẹ́ mi.

Ìyá Ìbejì, Cardiff
Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé omijé sí mi lójú nínú bọ́ọ̀sì.

Bọ̀dé, Manchester
Àmín. Ẹ rántí ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká nílé nígbà yẹn? Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kò sí mọ́tò títí di aago mẹ́wàá, ìgbálẹ̀ nìkan lò ń gbọ́ ládùúgbò. Mo ṣì máa ń jí láti gbálẹ̀.

Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ̀wé sí supervisor. Ó ní kí n wá lọ́la láago mẹ́wàá, kí n mú fóònù náà dání. Ẹnikẹ́ni mọ ti físà?

Fẹ́mi, Birmingham
Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbà tó ò ń kọ dissertation kì í ṣe ìsinmi fún ọmọ másítà. Iṣẹ́ owó tó ò ń ṣe ò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ. Má lọ gba ṣíìfù kún un.

Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìyẹn ni mo bi yín. Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ṣé sìkélì yẹn ń wọn ohun tí kò tó kílò kan dáadáa?

Àlàbí, Glasgow
Kò dáa tó fún ìyẹn. Ra èyí tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun.

Fẹ́mi, Birmingham
Má rà á. Mo ní méjì. Mo ń bọ̀ ní Leeds lọ́jọ́ Sátidé, màá mú ọ̀kan wá.