Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi àti ilé-ìwé rẹ̀ parí sí

Ẹ̀yin òbí tí ẹ gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mo kọ̀wé pé ilé-ìwé kan ní Kubwa, ní Abuja, fẹ́ kí ọmọkùnrin mi, tí ìwé kíkà ṣòro fún, tí ó ń pe lẹ́tà «b» ní «d», tún kíláàsì kà, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo tọ́ka sí òfin tí ó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 (pé a pe ọmọ náà ní àkàndá ẹ̀dá kò dùn mọ́ ìyá rẹ̀ nínú rárá), ṣùgbọ́n ìwé àyẹ̀wò tí onímọ̀ kọ nípa ìṣòro ìwé kíkà ọmọ náà ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ní báyìí, olùkọ́ ń ka ìbéèrè sí i létí, wọ́n sì ń fi àkókò kún tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì ka odindi ojú ìwé kan láìsunkún. Kò tún kíláàsì kà mọ́.