Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ àjẹsára tí kò parí: báwo ni ká ṣe kà á tí ẹnu wa á fi kò?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní iye ọmọ tó gba Pẹ́ńtà 1 (abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún) tí kò gba Pẹ́ńtà 3 (abẹ́rẹ́ rẹ̀ kẹta) ni wọ́n á fi máa wọn iṣẹ́ ilé ìwòsàn wa. Inú rẹ́jísítà kan náà lèmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ti kà á. Èmi rí 18%, òun rí 4%. Ẹ gbà wá o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ yọ iye Pẹ́ńtà 3 kúrò nínú Pẹ́ńtà 1, ẹ fi Pẹ́ńtà 1 pín èyí tó kù, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Tó bá ti ju 10% lọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ohun tí ẹ ò kọ: ṣé rẹ́jísítà tó ní orúkọ ọmọ ni àbí ìwé tálì tí a kàn ń fa ìlà sí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ta ló ń kà á, ọjọ́ wo? Ọmọ tó gba ti àkọ́kọ́ níbòmíràn ńkọ́?

Olùbéèrè: Ibẹ̀ gan-an ni, mà! Ọmọ 50 gba ti àkọ́kọ́. Mo ka 41 fún ìkẹta, ẹlẹgbẹ́ mi fi 7 tó wá láti ibòmíràn kún un, ó di 48.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ ka àwọn 7 yẹn sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá pọ̀ sí i, Pẹ́ńtà 3 á ju Pẹ́ńtà 1 lọ, èsì yín á sì kéré sí òdo.

Akọ̀wé Ìlera: Kíka ti oṣù kan ṣoṣo ò tó o. Ọ̀sẹ̀ 6 ni ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 14 ni ìkẹta, nítorí náà ọmọ ọ̀tọ̀ lẹ ń fi wé ọmọ ọ̀tọ̀. Ẹ mú àwọn tó gba àkọ́kọ́ ní Oṣù Kìíní, kó di ìparí Oṣù Kẹrin, kí ẹ fi ìka tọ ìlà orúkọ kọ̀ọ̀kan dé àpótí Pẹ́ńtà 3. Àpótí tó bá ṣófo, ilé ọmọ yẹn lẹ máa lọ.

Ìyá Wọ́ọ̀dù: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n tún ń wọn àjẹsára tó ṣòfò? Ẹ kọ bí òfò àti ọmọ tí kò parí ṣe kan ara wọn. Ìgò àjẹsára èèyi, ọmọ 10 ló wà fún. Tí ẹ bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní. Bí ìyá kan ṣoṣo bá gbé ọmọ oṣù 9 wá, ẹni tí wọ́n ń bá wí nítorí òfò á ní kó lọ kó padà wá. Òfò á dínkù lóòótọ́, ọmọ yẹn lè má padà. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ máa fi ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń kà á pé a ò gbọdọ̀ torí òfò dá ọmọ padà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i.