Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí orúkọ Crowther yìí o

Ẹ kú ilé ẹ̀yin èèyàn mi. Crowther ni bàbá ìyá mi ń jẹ́, ọmọ Sàró l'Ékòó. Àtìgbà tí mo ti dé Huddersfield níbí ni mò ń rí orúkọ yẹn káàkiri, kódà lára òkúta ibojì tí ewéko ti bò, òyìnbó pọ́ńbélé!

Ohun tí mo rí kà ni pé orúkọ iṣẹ́ ni, bí Àyàn tiwa ṣe jẹ́ ti onílù, ẹni tó ń ta crwth ni, ìyẹn nǹkan olókùn bíi gòjé tí wọ́n ń ta ní Wales láyé àtijọ́, àmọ́ West Yorkshire níbí ni orúkọ náà wá pọ̀ sí jù. Tiwa ò bá ẹ̀jẹ̀ wá ṣá, Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú l'Óṣoògùn ní 1821, ìgbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Sàró ní 1825 ni wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àlùfáà yẹn gan-an ni mo fẹ́ tọpa ẹ̀. 1837 ni ìjọba England ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, wọ́n ti bí i tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù. Ta ló ti yẹ irú ẹ̀ wò rí? Ṣé kí n lọ síbi tí wọ́n kó o pa mọ́ sí fúnra mi ni, àbí kí n sanwó fún àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì yẹn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n ṣe DNA o, ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe é, kò rí òyìnbó kankan níbẹ̀.