Fẹ́ǹsì tó máa gba ẹṣin méjì àti ajá mẹ́ta nílé: kí ni kí n fi ṣe é?

ỌmọAlárè
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì ló gbé mi wá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó tó wọgbó.

Ẹṣin méjì la ní nílé wa n'Íjẹ̀bú-Òde, akọ kan, abo kan. Bàbá wa ò gbà ká yá ẹṣin gùn lọ sí Ojúde Ọba. Wọ́n ní ẹṣin àyálò, ọjọ́ kẹta Iléyá gan-an, tí ìbọn bá dún, lèèyàn tó máa mọ ìwà ẹ̀. La bá kúkú ń sìn tiwa. Ajá mẹ́ta tún wà, bíńgò méjì pẹ̀lú ajá Jámánì kan tí àbúrò mi gbé wá láti Èkó.

Búlọ́ọ̀kù ló wà níwájú ilé, ìyẹn ò níṣòro. Ẹ̀yìn tó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò wa ni wàhálà wà: ọparun tí ikán ti jẹ tán, pẹ̀lú wáyà ẹlẹ́gùn-ún ìlà mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ̀kadà kan dún gbàù lẹ́yìn ilé, akọ ẹṣin ta kìjí, ó sáré wọnú wáyà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó dúró, ó ń gbọ̀n. Awọ àyà ẹ̀ ti ya, ó ṣí sílẹ̀ bí àpò ṣòkòtò, irun ẹ̀ ṣì wà lára wáyà. Dókítà ẹran rán an, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n ní àìsàn yẹn kì í fi ẹṣin tó gbọgbẹ́ ṣeré. Lálẹ́ ọjọ́ náà làwọn ajá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ọparun, wọ́n lọ pa adìyẹ méjì fún aládùúgbò. Mo ti san owó ẹ̀. (Adìyẹ tí ajá bá sì pa, ẹ mọ̀ pé èyí tó ń yé ẹyin ni nígbà gbogbo.)

Ẹsẹ̀ bàtà 230 ni mo fẹ́ ṣe. Bíríkìlà ní ká fi búlọ́ọ̀kù mọ gbogbo ẹ̀; iye tó pè, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Wẹ́dà ní wáyà rẹ́sà. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n gbin agúnmaníyè, igi tí wọ́n fi ń ṣọgbà. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Gáà_Ìlọrin
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo ẹṣin náà sàn. Màlúù ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà fún. Tó bá gún màlúù, á sún sẹ́yìn. Sísá lẹṣin mọ̀ ní tiẹ̀, tó bá sì ti ń sáré, kì í rí ohun tó bá tín-ín-rín. Rẹ́sà ló tún wá burú jù.

Ẹ ra wáyà àwọ̀n tí ojú ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2 ní ìbú, ínǹṣì 4 ní gígùn, pátákò ò lè wọ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ká àgùntàn mọ́, ojú ẹ̀ fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹṣin á há sí i. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀. Nítorí akọ yẹn, ẹ ṣe é ní 5. Ẹ gbé páìpù sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún kó lè rí i. Ọ̀dọ̀ ẹṣin ni kẹ́ ẹ kan wáyà sí lára òpó, kì í ṣe ìta. Tó bá fara tì í, òpó á gbà á. Tó bá jẹ́ ìta lẹ kàn án sí, ìṣó ló máa yọ.

Ìyá_Bíńgò
Ọmọ mi, ti ajá ni tèmi. Bó ti wù kí fẹ́ǹsì ga tó, ìdí ẹ̀ lajá máa gbẹ́. Mo da kọnkéré síbẹ̀, wọ́n gba abẹ́ ẹ̀ jáde. Ohun tó ṣẹ́gun wọn ni pé a ṣẹ́ ìsàlẹ̀ wáyà wálé, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, a tẹ́ ẹ bí ẹní, a fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ajá á gbẹ́, èékánná ẹ̀ á kan wáyà, á jáwọ́. Kò ní ronú pé kóun sún sẹ́yìn díẹ̀.

Gáà_Ìlọrin
Òótọ́ ni, màmá. Ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ tó ínǹṣì 6 ṣá o, kí pátákò má bàa họ ọ́ jáde.

Àgbẹ̀_Kékeré
Ẹ má gbin agúnmaníyè! Ewúrẹ́ ń jẹ ewé ẹ̀, màlúù ń jẹ ẹ́, àmọ́ májèlé ni fún ẹṣin. Lápálápá náà, ẹ má dán an wò, èso ẹ̀ burú. Òpó tíìkì ni kẹ́ ẹ rì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù pa á nítorí ikán, ibi tó máa wọlẹ̀ nìkan ni o, torí ẹṣin máa ń gé igi jẹ.

ỌmọAlárè
Mo dé o, a ti ṣe é. Òpó tíìkì 30, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ mẹ́jọ síra wọn, ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀. Ọgbẹ́ ẹṣin ti ń jinná. Bàbá wo páìpù funfun títí, wọ́n ní mo ti sọ ilé àwọn di pápá bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ kejì, abo fi ètè ti bóòtù géètì, ó ń rìn lọ sí ìdí ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀. Mo ti fi ṣéènì àti àgádágodo sí i. Ajá Jámánì gbẹ́ ilẹ̀ títí, ó kan wáyà, ó jókòó, ó ń wò mí. Bíńgò kékeré ò tiẹ̀ gbẹ́ nǹkan kan. Àárín irin géètì ló ń gbà kọjá, mo sì ti ní kí wẹ́dà padà wá lọ́la.