Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ajá mi ń bì lóru

Ọmọ_Táńkẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ajá kan, Jack lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 4, bàbá ẹ̀ jẹ́ German Shepherd, ìyá ẹ̀ ajá lókà wa níbí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, tó bá ti ń lọ sí bí aago 4 ìdájí, kí ládánì tó pèrun, màá kàn máa gbọ́ ọ lábẹ́ fèrèsé wa, họ̀ọ́ họ̀ọ́ họ̀ọ́, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti bì sílẹ̀. Tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, omi yẹ́lò tó ń hó bí ọṣẹ ni, kò sí oúnjẹ kankan nínú ẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́ á tún máa sáré kiri inú ọgbà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyàwó mi ní àwọn olè ló ń ju májèlé sí i, mo ní májèlé wo ló ń mọ aago. Oògùn wo ni kí n rà fún un, àbí oúnjẹ ẹ̀ ni kí n yí padà? Ẹ má ní kí n tà á o, mi ò ní tà á.

Ìyá_Ìbejì_Gáà:
Epo pupa ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún un ní ṣíbí méjì, ẹ ó rí i pé á dáwọ́ dúró. Bá a ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi nìyẹn.

Bàbá_Ajá_Ọ̀fà:
Ìyá Ìbejì ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra. Epo ò lè pa èébì, ọ̀rá ni, inú tó ti ń rú tẹ́lẹ̀ lẹ tún fẹ́ da ọ̀rá lé. Ọmọ Táńkẹ́, aago mélòó ló ń jẹun?

Ọmọ_Táńkẹ́:
Aago 2 ọ̀sán sà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì tá a bá jẹ kù, orí ẹja, nígbà míì a máa ń se egungun tá a bá rà lọ́wọ́ àwọn alápatà Ìpàtà fún un. Tó bá ti jẹ ẹ́ tán ó di ọjọ́ kejì.

Bàbá_Ajá_Ọ̀fà:
Ó tán. Aago 2 ọ̀sán sí aago 4 ìdájí, wákàtí 14 nìyẹn. Ẹ wò ó, òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, inú ìfun ló yẹ kó máa dà sí kó lè bá a da ọ̀rá inú oúnjẹ, àmọ́ tí inú bá ti ṣófo pẹ́, ó máa ń ṣẹ́rí padà wá sínú àpòlúkù, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ilé ẹ̀, á máa ta á, á máa jó o, títí ajá á fi bì í. Òun ló fi yẹ́lò, òun náà ló fi jẹ́ ìdájí. Abo kan tí mo ní nígbà kan ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo ra oògùn oríṣiríṣi, mo náwó nára, àṣé ebi ló ń pa á. Oúnjẹ tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ pín in sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi èyí tó kéré jù sí aago 10 alẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má fi kún un o, ẹ kàn pín in ni. Ẹ̀kọ tútù díẹ̀ àti ẹyin sísè kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi, nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kẹta kò bì mọ́.

Àlàájì_Òkèlélé:
Sàláàmù aláékùm. Kí wọ́n tó pariwo lé mi lórí, ajá tèmi ò dé ilé o, ọgbà adìyẹ mi lọ́nà Ẹyẹnkọrin ló ń ṣọ́, abọ́ ẹ̀ sì dá wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ wò ó dáadáa bóyá èébì ni. Tèmi lọ́jọ́sí, gbogbo òru ló ń ṣe háà háà, ìtọ́ funfun á yọ lẹ́nu ẹ̀, mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ajá mi ń bì, àṣé ó ń wúkọ́ ni. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló kíyè sí i pé ọrùn nìkan ló ń nà, ikùn ẹ̀ kì í mì. Èyí tó ń bì, gbogbo ìhà ẹ̀ ló máa ń fún wọlé.

Ọmọ_Táńkẹ́:
Ìhà ń fún o Àlàájì, ó ń fún gan-an.

Dókítà_Ọ̀la:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran ní Unilorin, mi ò tíì gboyè, ẹ má pè mí ní dókítà. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀fà ló jọ ti Jack. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí ẹ̀jẹ̀ German Shepherd tó wà lára ẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń gbìyànjú àtibì tí nǹkan kan ò jáde, tó ń dátọ́ lẹ́nu, tí ikùn ẹ̀ wú tó le gbandi bí ìlù, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ ló kún àpòlúkù, àpòlúkù sì lè lọ́ yí po, àwọn ajá ńlá tí àyà wọn jìn ló máa ń ṣe jù, láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè pa á, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sì lè gbà á. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ gbé e wá. Ẹ ṣí ètè ẹ̀ kẹ́ ẹ wo èrìgì ẹ̀ náà, tó bá ti funfun, eégbọn lè ti kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀. Ẹ má fún un ní parasitámọ́ọ̀ tàbí ibuprofen láéláé. Egungun sísè yẹn, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀, ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ìrẹsì tẹ́ ẹ jẹ kù ńkọ́, ṣé kò ní àlùbọ́sà? Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìgbà wo ló lo oògùn aràn kẹ́yìn?

Ọmọ_Táńkẹ́:
Oògùn aràn... ọdún tó kọjá. Ẹ má bínú.

Dókítà_Ọ̀la:
Ẹ̀gbọ́n! Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni o.

Àǹtí_Omù:
Tó bá jẹ́ ọmọ ajá ló ń bì, ẹ má lọ máa ka wákàtí kankan. Tèmi ní Omù-Àrán, oṣù mẹ́ta ni, ó bì lálẹ́ Sátidé, mo ní tílẹ̀ bá mọ́ màá mọ ohun tí màá ṣe. Ìdájí Sọ́ńdè ó ti ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Parvo ni, àrùn burúkú kan tó máa ń kọ lu ìfun ọmọ ajá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan péré ló gbà, wọ́n ti sọ fún mi pé ká máa gún un lọ títí á fi tó ọ̀sẹ̀ 16, èmi ni mo ní kówó wọlé ná.

Ìyá_Ìbejì_Gáà:
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí. Mo ti gbé epo mi kúrò ńlẹ̀ o.

Ọmọ_Táńkẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ 9 o. Mo pín oúnjẹ ẹ̀ sí mẹ́ta bẹ́ ẹ ṣe wí, a ò fi ọbẹ̀ alálùbọ́sà sí i mọ́, a ti kó egungun dànù, ó sì ti lo oògùn aràn (ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò ní ròyìn ẹ̀ fún yín, ẹ lè ti fẹ́ jẹun). Kò bì mọ́. Àfi lálẹ́ Tọ́sìdeè tí a lọ síbi nìkáà ní Àjàṣẹ́-Ìpo tá a sùn síbẹ̀, ọmọ tí mo ní kó fún un lóúnjẹ ti sùn lọ, aago 4 kọjá díẹ̀ ni aládùúgbò pè mí pé Jack tún ti ń ṣe họ̀ọ́ họ̀ọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé ìyàwó mi pé kò sí májèlé kankan.

Ohun tó kù ni pé tó bá ti di aago 10 alẹ́ báyìí, iná wà o, iná ò sí o, á ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á máa fi èékánná ha á, tí mo bá pẹ́ díẹ̀ á lọ fi ẹnu gbé abọ́ ẹ̀ wá jù sílẹ̀ gbàrà. Ìyàwó mi ló ń bi mí báyìí pé ajá wo ló ń mọ aago.